Ìjẹ̀bú gan-an ni ìlú inú ìtàn yín, àbí orúkọ rẹ̀ lásán?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, mo sì ń kọ ìtàn àròsọ kan fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 13 sí 17. Ọmọbìnrin kan ni olú ẹ̀dá ìtàn mi. Ó ń gbọ́ ohùn kan láti inú Erédò, odi àti yàrà àtijọ́ tí ó yí ilẹ̀ wa ká, ohùn náà sì ń pè é lórúkọ. Ẹnì kan tí ó bá mi ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ní òun kò mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú ni mo ń kọ tàbí ìlú tí kò sí níbì kankan, pé kí n mú ọ̀kan. Ẹlòmíràn ní kí n yọ gbogbo orúkọ Ìjẹ̀bú kúrò kí àwọn tí wọ́n wà lókè òkun lè rà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa orúkọ ìlú náà dà. Bí mo bá pa á dà, ṣé ìtàn náà kì í ṣe tiwa mọ́ nìyẹn? Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ayé tuntun sílẹ̀ nínú ìwé láìsọ ilé nù?

* * *

Àbúrò mi, mo kí ọ. Mo ti ka gbogbo ìdáhùn tí ó ti wọlé láti àná, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì pín sí. Àwọn kan ní kí o pa orúkọ dà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bá ọ jà pé ìlú òun kò rí bí o ṣe kọ ọ́. Àwọn kejì ní kí o kọ Ìjẹ̀bú gàdàgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́. N kò bá apá kankan lọ nínú méjèèjì, torí pé orúkọ ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí, orúkọ nìkan kò sì lè gbé ìlú ró.

Olùkọ́ ni mí, mo sì ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ agbègbè wa kọ. Nínú púpọ̀ nínú wọn, bí o bá fi Ìlọrin tàbí Àkúrẹ́ rọ́pò Ìjẹ̀bú-Òde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí gbólóhùn kan tí yóò mì. Ọba wà níbẹ̀, ìlù ń dún, babaláwo arúgbó kan jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà tí ó fún ìlú rẹ̀ ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí láyé mi, ṣùgbọ́n kí n tó ka ojú ewé kejì tán ni mo ti mọ ibi tí mo wà. Ohun tí ó kọ ni pé àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti òkè wá gbọ́dọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ ní ẹnu bodè, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé etí omi.

Ìjẹ̀bú nìyẹn. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, àwọn ará òkè kì í gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí ọ̀sà bí ó ṣe wù wọ́n. Ìjẹ̀bú ló ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn, òun náà ló sì ń gbé e dé Èjìnrìn, níbi tí àwọn oníṣòwò Èkó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi wá pàdé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ títi ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ó fa ogun náà. Ọmọ ọdún 15 tí ó bá dàgbà sínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò ti mọ owó ẹyọ kà kí ó tó mọ ìtàn sọ, yóò sì ti mọ̀ pé àjèjì tí ó ń béèrè ọ̀nà ọ̀sà kì í ṣe ẹni tí à ń dá lóhùn kíákíá. Wo bí ìwà ọmọ náà ṣe jáde láti inú òfin ìlú rẹ̀. Nítorí náà, kí o tó tún orúkọ ìlú rẹ pa dà ní ẹ̀kẹrin, sọ fún wa ẹni tí ó lè wọ ibi tí ẹlòmíràn kò lè wọ̀, ẹni tí ó jẹ ẹni ní gbèsè, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀, àti iye tí wọ́n ń ta iṣu kan ní ọjà ibẹ̀.

* * *

Ẹni tí ó kọ̀wé lẹ́yìn mi ní àwọn ọ̀dọ́ kò ka iye owó iṣu sí, pé ìjà àti ìyanu ni wọ́n ń fẹ́. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan, mo ka orí kan nínú ìtàn mi fún àwọn ọmọ SS1 mi ní Rẹ́mọ. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí, agbára kan ṣàdédé bà lé e, ó sì fò sókè kọjá òrùlé ọjà. Mo rò pé wọn yóò pàtẹ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó sẹ́yìn na ọwọ́ sókè, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló wá ń ṣọ́ ìsọ̀ nígbà tí ó fò lọ?» Gbogbo wọn yí ojú sí mi, n kò sì rí èsì fọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń bá òbí wọn ṣọ́ ìsọ̀ bí ilé ìwé bá ti parí. Wọ́n mọ̀ pé a kì í fi ọjà sílẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà láti ìgbà tí ọmọ náà ti fò ni wọn kò ti gba ìtàn mi gbọ́ mọ́. Mo padà sílé, mo tún orí náà kọ. Ní báyìí, alẹ́ nìkan ló ń fò, lẹ́yìn tí ó bá ti ka owó ọjà fún ìyá rẹ̀. Ohun tí ó sì tú àṣírí rẹ̀ ni pé ó ń kánjú, owó náà ń dín, ìyá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé olè ni ọmọ òun. Nígbà tí mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tí ó béèrè bí ènìyàn ṣe lè fò.

* * *

Mo fẹ́ dá dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí nígbà tí ó bá ń kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ di ìjà. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí àbúrò wa mú Agẹmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, kí ó sọ wọ́n di agbára 16, kí ọmọbìnrin náà sì jí ọ̀kan nínú wọn wò kí ó lè gba agbára rẹ̀. Bàbá kan láti Odógbolú fi ìbínú dáhùn pé àwọn ọmọ òde òní ti sọ ohun òrìṣà di ohun ìṣeré. Ẹlòmíràn dá bàbá náà lóhùn pé èèwọ̀ tí ó ń ti obìnrin mọ́lé ló yẹ kí ìwé àwọn ọ̀dọ́ fọ́.

Mo ti wà níbi tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn wà. Nínú ìtàn kan tí mo kọ nígbà tí mo ṣì kéré, ọmọbìnrin kan já aṣọ lára Agẹmọ, ó sì rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo ṣàpèjúwe ohun náà dáadáa, inú mi sì dùn sí i. Mo gbé ìwé náà fún àbúrò bàbá mi obìnrin. Ó kà á dé ojú ewé yẹn, ó pa ìwé náà dé, ó sì bi mí pé: «Níbo lo ti rí i?» N kò rí i níbì kankan. Mo hùn ún ni. Ó ní: «Yàrá tí o wà ńkọ́? Kí ló dé tí o kò kọ ìyẹn?»

Yàrá tí ó ń sọ nìyí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún 14, ó jẹ́ ọjọ́ tí Agẹmọ ń kọjá lọ sí Ìmọ̀sàn, àwa obìnrin ilé sì wà nínú yàrá ìyá àgbà, gbogbo wa, àtàgbà àtọmọdé. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti pa fèrèsé onígi dé, wọ́n sì ti pa rédíò. Òórùn òróró ìpara àti ti aṣọ tí wọ́n kó sínú àpótí kún inú yàrá náà. Mo rọra sún mọ́ fèrèsé. Ìyá àgbà kò bá mi wí; wọ́n gbé abọ́ ẹ̀gúsí lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n máa bó o, ọwọ́ mi wá há. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró lóde, ó ń bọ̀, ó sún mọ́ wa, ó sì kọjá. Gbogbo wa dáwọ́ dúró pẹ̀lú ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méje péré, wà níta pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Nígbà tí ó wọlé, mo bi í pé kí ló rí. Ọmọ tí mo ń wẹ̀ fún, tí mo ń fún lóúnjẹ, wo ojú mi, ó sì dákẹ́.

Ẹ wo bí ìtàn ṣe pọ̀ tó nínú yàrá yẹn: owú wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀, ọmọ kékeré kan di ẹni tí ó mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè mọ̀ láéláé. N kò ní láti purọ́ kan ṣoṣo mọ́ ohun tí ó kọjá lóde kí n tó lè kọ ọ́. Nítorí náà, ohun tí èmi ń ṣe láti ìgbà náà ni pé mo ń mú òfin náà lò, mo sì ń fi awo sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ni ín. Bí ìtàn mi bá nílò kí a rí inú awo, mo máa ń dá ẹgbẹ́ awo mìíràn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, èèwọ̀ tirẹ̀ àti ọjọ́ ọdún tirẹ̀. Agẹmọ ní àwọn olóyè tí wọ́n wà láàyè lónìí, tí wọ́n ń ṣe é lọ́dọọdún. Bí mo bá hun irọ́ nípa rẹ̀, ara ènìyàn ni irọ́ náà ń bà.

Ní ti ẹni tí ó ní kí a fọ́ èèwọ̀, ọmọbìnrin inú ìtàn lè ṣílẹ̀kùn kí ó sì jáde. N kò ní dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí òǹkọ̀wé fi iye tí ó ná an hàn wá, àti ẹni tí ó san án: bóyá ìyá rẹ̀ ni, bóyá àbúrò rẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀ ni.

* * *

Ìbéèrè nípa àlàyé ọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn ìwé kò yẹ kí ó gba àkókò wa tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí a bá kọ ìkọ́kọrẹ́ láìṣàlàyé, ọmọ Kánò tàbí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò ní mọ ohun tí ó jẹ́. Ó lè mọ̀ ọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ó rí i níbi tí wọ́n ti ń sè é. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

«Ó ń rin ewùrà lára agolo tí wọ́n fi ìṣó lu, omi rẹ̀ sì ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń yún un dé igunpá. Ó fi ìka já a sínú ọbẹ̀ tí ó ń hó, díẹ̀díẹ̀, ṣíbí kò sì gbọdọ̀ kàn án títí yóò fi dì. Ó jókòó ti ìkòkò náà, ó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.»

Ẹni tí ó ka èyí ti mọ̀ pé oúnjẹ ni, ó ti mọ bí ó ṣe rí, ó sì ti mọ̀ pé sùúrù ń ṣòro fún ọmọbìnrin yìí. Kí ni àlàyé ẹ̀yìn ìwé yóò tún fi kún un? Epo pupa àti ẹja tí ó wà nínú rẹ̀ yóò yọjú nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tún sún mọ́ ọn. Èmi kì í fi ohùn Ìjẹ̀bú kọ gbogbo ìwé, torí àwọn ọ̀dọ́ wa fúnra wọn kò rọrùn fún láti kà á. Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ kí orúkọ nǹkan jẹ́ orúkọ tí à ń pè é nílé. Òṣùgbó ni mo ń kọ, n kì í kọ Ògbóni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ti sọ fún òǹkàwé Yorùbá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣágámù ní nígbà gbogbo ni a ń sọ Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú, bí ẹni pé Rẹ́mọ jẹ́ ẹ̀yìnkùlé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ṣeun. Mo ń gbé ní Rẹ́mọ, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dunni.

Ó tilẹ̀ yani lẹ́nu pé àwọn òǹkọ̀wé ń wá ìlú abàmì kiri nígbà tí Ṣágámù wà níwájú wọn. Ní nǹkan bí 1872, ìlú 13 kó ara wọn jọ síbẹ̀ kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn: Ọ̀fin, Mákùn, Sonyindo àti àwọn yòókù. Wọ́n di ìlú kan lójú àjèjì, síbẹ̀ oníkálukú ò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ọba Akárìgbò wà, Ọba Ewùsì ti Mákùn náà sì wà. Ronú nípa ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà ju òpópónà mẹ́ta lọ, tí wọ́n ń lọ sí ilé ìwé kan náà, ṣùgbọ́n tí ìlú tí bàbá wọn ti wá yàtọ̀, tí ààfin tí wọ́n ń lọ dọ̀bálẹ̀ sí sì yàtọ̀. Bí ohun kan bá sọ nù nínú ìlú náà, ẹjọ́ ọ̀dọ̀ ta ni wọn yóò lọ rò?

Kí a má sì rò pé ayé àtijọ́ nìkan ló lè jẹ́ ayé ìtàn. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti àbúrò wa yìí gan-an ni Tai Ṣólàrín ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé Mólúsì, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó mú un kúrò níbẹ̀, tí òun àti aya rẹ̀ Sheila fi dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni lọ gbàdúrà, ní àárín àwọn ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti òrìṣà kún: bí ẹnì kan bá hùn ún nínú ìwé, a ó ní ó ti pọ̀ jù.

* * *

Ẹnì kan ní ohun tí ó mú kí àwọn ìwé òkè òkun dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni pé wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ àti orúkọ rẹ̀, pé kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ dákun, kí ni rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́? Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ní Ojúde Ọba, a ń rí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n jọ mú fún ọdún náà, tí wọ́n ń lọ kí Awùjalẹ̀ lẹ́gbẹẹgbẹ́, àwọn ìdílé Balógun sì wà lórí ẹṣin. Ọjọ́ tí a bí ọ ló sọ ẹgbẹ́ rẹ. O kò yàn án, owó kò sì lè rà ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé máa ń rí ẹṣin àti aṣọ, wọ́n á sì kọ ojú ewé mẹ́wàá nípa dídán rẹ̀. Èmi fẹ́ mọ̀ nípa ẹni tí kò rí owó aṣọ san. Ta ló lọ bá a nílé? Ṣé ẹgbẹ́ dá a fún un ní ìkọ̀kọ̀, àbí ó dúró sílé ó sì ń wo ojú ọ̀nà? Ibẹ̀ ni ọmọ ọdún 16 kan ti lè rí bàbá rẹ̀ ní ìhòòhò ọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdí kan náà ló fà á tí n kò fi fẹ́ràn ìtàn tí gbogbo ará Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ jẹ́ olówó tàbí oníṣègùn owó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìta ń sọ nípa wa nìyẹn, àwa ni a sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún àwọn ọmọ wa.

Ohun kan tún wà tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ ní 1960, wọ́n sì wàjà ní oṣù Keje ọdún 2025. Awùjalẹ̀ tí ìyá mi mọ̀ ni èmi náà mọ̀, òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀. Fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọba àti orúkọ ẹni náà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ìlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ orúkọ ọba pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ìdílé mẹ́rin sì wà tí oyè náà ń yí láàárín wọn: ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa.

* * *

Àbúrò mi, mo rí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná: «Ní ìlú àtijọ́ kan tí odi ńlá yí ká, ọmọbìnrin arẹwà kan wà tí agbára àràmàǹdà ń pè lórúkọ.» O bèèrè èrò mi, n ó sì sọ ọ́ bí ó ṣe rí lọ́kàn mi.

«Odi ńlá» kò tó. Erédò fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 160 yíká, ó sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ní àwọn ibì kan. Ará Potogí kan, Duarte Pacheco Pereira, ti kọ̀wé nípa ìlú ńlá wa àti yàrà tí ó yí i ká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ lónìí, ooru oko á dá, ewé ìtàkùn á bo òkè, ògiri ilẹ̀ pupa náà á sì tutù lọ́wọ́, ewéko kéékèèké á wà lára rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ fi ọwọ́ kan ògiri yẹn kí ó tó gbọ́ ohùn kankan.

Lẹ́yìn náà, orúkọ wo ni ohùn náà pè? Ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, orúkọ tí a pe ọmọ ló ń sọ ẹni tí ó ń pè é. Olùkọ́ ń pe orúkọ ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ ń pe ìnagijẹ, ìyá àgbà nìkan ló ń pe oríkì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. A sì ti kìlọ̀ fún gbogbo wa láti kékeré pé kí a má ṣe jẹ́ ẹni tí a kò rí lóhùn. Bí ohùn inú yàrà bá pe orúkọ ìwé rẹ̀, ẹ̀rù lè bà á, kí ó sì sá. Bí ó bá pè é ní Àbẹ̀kẹ́ ńkọ́, tí ìyá àgbà sì ti kú, tí kò sì sí ẹni tí ó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́?

Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí ń sọ pé Bìlíkísù Súngbọ́ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, pé obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, opó ni, kò sì bímọ. Nígbà náà, obìnrin tí kò bímọ ló ń fi oríkì pe ọmọ ọlọ́mọ láti inú ilẹ̀. Kí ló fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, báwo sì ni ìyá ọmọ náà yóò ti ṣe nígbà tí ó bá gbọ́?

Fi àlàfo sílẹ̀ síbi orúkọ ìlú náà fún ìsinsìnyí, kí o sì máa kọ ọ́ lọ. Nígbà tí o bá ti kọ ohun tí ọmọ náà máa fi dá ohùn náà lóhùn, fi orí yẹn ránṣẹ́ sí wa ká jọ kà á.